Àwọn Òpìtàn Ilẹ̀ Tí Kò Sí

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé inú yàrá kan náà fẹ́ràn eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Skyrim ju oúnjẹ lọ. Ní òru ọjọ́ kan, mo ta jí, mo sì bá a níbi tí ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo rò pé eré ni ó ń ṣe. Kì í ṣe eré rárá, ìwé ni ó ń kà: ìtàn ọba kan tí kò jẹ rí, ní ìlú kan tí kò sí lábẹ́ ọ̀run, àwọn ènìyàn sì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ọba náà bí ẹni tí ń pín ogún. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ka ojú ìwé mẹ́ta, ẹ̀rín ti tán. Mo rí i pé iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ wa ń kọ́ wa nípa ìtàn àtẹnudẹ́nu ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, láìgba owó, láìgba oyè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní wíkì. Wíkì ni ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ń kà á lè tún kọ. Ará Amẹ́ríkà kan, Ward Cunningham, ni ó ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ọdún 1995. Èdè àwọn ará Hawaii ni ó ti yá orúkọ náà, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kíákíá. Ọkọ̀ akérò kan ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wikipedia tí gbogbo wa ń sá tọ̀ nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá bá ká wa mọ́lé (kí àwọn olùkọ́ wa má bínú) bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001. Ohun tí ó mú wíkì yàtọ̀ sí ìwé mìíràn ni pé kò gbàgbé nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá pa gbólóhùn kan rẹ́, gbólóhùn náà ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe, pẹ̀lú orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí.

Skyrim jáde ní ọdún 2011. Òun ni ìkarùn-ún nínú ọ̀wọ́ eré The Elder Scrolls tí ilé-iṣẹ́ Bethesda ti Amẹ́ríkà ń ṣe. Arena ni àkọ́bí, ní 1994. Daggerfall tẹ̀ lé e ní 1996, Morrowind ní 2002, Oblivion ní 2006. Ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Tamriel ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Nínú àwọn eré wọ̀nyí, ìwé pọ̀ bí ewé. Ẹni tí ń ṣeré lè wọ ilé onílé, kí ó mú ìwé lórí tábìlì, kí ó jókòó kà á. Àwọn ìwé náà ní òǹkọ̀wé tiwọn, àwọn òǹkọ̀wé náà sì ní ojúsàájú tiwọn. Akọ̀wé ọba kò jẹ́ kọ ohun tí yóò bí ọba nínú. Ẹni tí ọba lé kúrò nílùú kò sì jẹ́ yìn ín.

Ibi tí àwọn olólùfẹ́ eré yìí ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ni wíkì tí wọ́n ń pè ní UESP. Ilé-iṣẹ́ Bethesda kọ́ ni ó ni ín. Ní ọdún 1995 ni ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkójọ ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Daggerfall, nígbà tí eré náà kò tilẹ̀ tíì jáde. Ní ọdún 2005 ni ó di wíkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ibi tí ìtàn ti tako ìtàn. Ẹ wo ikú Nerevar, akọni kan nínú ìtàn Morrowind. Àwọn àlùfáà ilẹ̀ náà ní ọgbẹ́ tí ó gbà lójú ogun ni ó pa á. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Ashlanders, tí wọ́n ń gbé inú ilẹ̀ eléérú, ní irọ́ ni: àwọn mẹ́ta tí ó fọkàn tán, Vivec, Almalexia àti Sotha Sil, ni wọ́n ṣekú pa á, kí wọ́n tó sọ ara wọn di òrìṣà. Àwọn tí ó ṣe eré náà kò sì dá ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Kí ni ẹni tí ń kọ ojú ìwé Nerevar yóò wá ṣe? Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n pa á, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ogun pa á. Yóò kọ ẹni tí ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ìwé tí ó ti sọ ọ́.

Èmi ọmọ Yorùbá, mo mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ láti òde ọ̀run. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, kọ ìtàn tí ó fi í ṣe ọmọ Lámúrúdu, ọba kan ní Mẹ́kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ọ̀kan tí ó sì sọ èkejì nù nínú ìdánwò, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí kí ó fara mọ́ ọn.

Nígbà mìíràn, àwọn tí ó ṣe eré ni wọ́n ń tako ara wọn. Ìwé kékeré kan tí ó bá eré Redguard jáde ní 1998 sọ pé igbó kìjikìji ni ilẹ̀ Cyrodiil. Oblivion dé ní 2006, eléré wọ Cyrodiil, kò rí igbó kìjikìji kankan, pápá àti igbó ilẹ̀ tútù ni ó rí. Ariwo ta. Ní ti Daggerfall, oríṣiríṣi ìparí ni ó ní, bí eléré bá ti yàn án ni yóò ṣe parí. Nígbà tí wọ́n ṣe Morrowind, èwo ni kí wọ́n pè ní òótọ́? Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé àkókò gan-an ni ó ya. Ní tèmi, ọgbọ́n ìjàpá ni, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Àríyànjiyàn tí kò tíì parí ni ti ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú eré. Michael Kirkbride wà lára àwọn tí ó kọ ìtàn Morrowind. Lẹ́yìn tí ó fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò yé kọ nǹkan nípa Tamriel. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bí ọmọ ni ó lè sọ orúkọ ọmọ. Àwọn mìíràn ní ohun tí kò sí nínú eré kò sí ní Tamriel. UESP ya irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ sí àyè tirẹ̀, wọn kò sun ún, wọn kò sì dà á pọ̀ mọ́ ti inú eré.

Èmi náà ti jìyà díẹ̀ níbi iṣẹ́ yìí. Lórí wíkì mìíràn tí n kò ní dárúkọ, mo rí ojú ìwé kan tí kò sọ̀rọ̀ nípa ibojì kan tí ọ̀rẹ́ mi fi hàn mí nínú Skyrim tirẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i, inú mi dùn, mo lọ jẹun. Kí n tó dé, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n sì béèrè ní ṣókí pé: níbo ni ó ti rí i? Ìbínú ru bò mí. Mo fojú ara mi rí i kẹ̀! Ọjọ́ méjì ni a fi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà kí a tó mọ̀ pé ibojì yẹn kò sí nínú eré tí Bethesda ṣe. Àfikún ni, irú èyí tí àwọn olólùfẹ́ eré máa ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ti fi í sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tipẹ́, ó sì ti gbàgbé.

Ìjà tí ó tún le ju ti ìtàn lọ ni ti ilé tí ìtàn ń gbé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wíkì eré wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004 ní orúkọ mìíràn, tí ó wá ń jẹ́ Fandom láti 2016. Ọ̀fẹ́ ni ilé, ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ni owó ilé, ó sì ń bo ojú ìwé. Àwọn tí ń kọ wíkì RuneScape kó jáde ní 2018, àwọn ti Minecraft kó jáde ní 2023. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ gba ẹnikẹ́ni láyè láti da ọ̀rọ̀ náà kọ, bí ó bá ti dárúkọ àwọn tí ó kọ ọ́, nítorí náà wọ́n lè kó ẹrù wọn lọ. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ilé náà wà níbẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àwọn tí ń wá ìtàn lórí Google sì ṣì ń yà sí i láìmọ̀ pé àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ti kó lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ti yọ àfikún rẹ̀ kúrò báyìí. Ó ní òun yóò tún eré náà bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí òun lè mọ èyí tí ó jẹ́ ti onílé àti èyí tí àlejò gbé wọlé. Mo ti fún un ní ìwé àjákọ kan, kí ó máa kọ gbogbo ibojì tí ó bá rí sílẹ̀.