Bí Ọ̀dá Ṣe Ń Di Oró Nínú Ẹ̀pà

Ẹ̀pà, àgbàdo àti ọkà bàbà wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ Zaria àti agbègbè rẹ̀ fi ń jẹun tí wọ́n sì fi ń rówó, ṣùgbọ́n nínú iyẹ̀pẹ̀ oko kan náà ni Aspergillus flavus ń gbé, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn fúngáì, ìyẹn ìdílé ohun ẹlẹ́mìí tí olú jíjẹ, ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú àti ohun tó ń mú oúnjẹ bu jọ wà. Bí ó bá ráyè wọ inú hóró ẹ̀pà, ó lè ṣe oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, èyí tí ojú kò lè rí, tí ahọ́n kò sì lè mọ̀.

Ọdún 1960 ni ayé fura sí oró yìí, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fi ẹ̀pà ilẹ̀ Brazil ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kan Àríwá Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ẹ̀pà wà lára ọjà pàtàkì tí agbègbè náà ń kó lọ sókè òkun. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí ní Samaru nítòsí Zaria, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922, tó sì bọ́ sábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962, fi tọpinpin bí fúngáì náà ṣe ń ba ẹ̀pà jẹ́ láti oko dé àká.

Fúngáì kò ní ẹnu, kò sì ní ikùn. Ó máa ń tú ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń fọ́ oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, sórí ohun tó bà lé, yóò sì fa èyí tó ti yòrò mu. Kì í sì í fi agbára ṣòfò. Bí àpẹẹrẹ, nínú burukutu, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń pọn ní Àríwá, bí ṣúgà bá ṣì pọ̀, ìwúkàrà máa ń ti àwọn àbùdá tó wà fún jíjẹ oúnjẹ mìíràn pa, àbùdá sì ni àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe. Ọtí ni yóò máa sọ ṣúgà náà dà, ìgbà tí ṣúgà bá sì tán, tí atẹ́gùn wà, ni yóò tó yí padà láti jẹ ọtí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ọtí yìí kan náà máa ń ni ìwúkàrà lára bí ó bá pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni ooru àti àwọn ẹ̀yà ọ́síjìn tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Bí irú ọ́síjìn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, purotéènì kan tó ń jẹ́ Yap1 á wọ ibi tí àwọn àbùdá wà lọ, á sì jí àwọn tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì. Aspergillus náà ní irú purotéènì yìí. Àbùdá tó lé ní 20 tó wà fún ṣíṣe aflatoxin tò pọ̀ sójú kan nínú rẹ̀, ọ̀kan tó ń jẹ́ aflR ló sì ń darí wọn. Bí ooru àti ọ̀dá bá ti há ohun ọ̀gbìn mọ́, oró náà máa ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ṣíṣe oró náà jẹ́ ọ̀nà kan tí fúngáì fi ń kojú ìnira.

Fún ènìyàn, àdánù gidi ni. Ẹ̀dọ̀ tó fẹ́ palẹ̀ oró náà mọ́ ló tún ń yí i padà sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ àbùdá, tó sì lè fa jẹjẹrẹ, pàápàá fún ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ B (hepatitis B). Sísè lásán kò lè mú un kúrò.

Nítorí náà, oko ni ìjà pẹ̀lú oró yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí àgbẹ̀ kórè lásìkò, kí ó sá ẹ̀pà sórí tápólì dípò ilẹ̀ lásán, kí ó yọ èyí tó bu tàbí tó rún dànù, kí ó má sì wọ́n omi sí i kí ó tó pa á. Àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Aflasafe láti inú ẹ̀yà Aspergillus mẹ́rin ti ilẹ̀ Nàìjíríà tí kì í ṣe oró. Kílógíráàmù 10 ni wọ́n ń fọ́n sí hẹ́kítà kan kí ohun ọ̀gbìn tó yọ òdòdó, kí àwọn aláìlóró wọ̀nyí lè gba àyè mọ́ àwọn olóró lọ́wọ́. Irú ìmọ̀ báyìí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo àgbẹ̀, nítorí ohun tí àgbẹ̀ kò bá ṣe lóko, kò sí alásè tó lè ṣe é nídìí ààrò.