Bẹntiróòlù tàbí dísù: ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ ọkọ̀ apẹja kékeré?

Iṣẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi mọ Kugbo, lójú ọ̀nà tó ti Abuja lọ sí Nyanya, pẹ̀lú àwọn mẹkáníìkì tó ń tú ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ palẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí omi tí apẹja ti ń pẹja níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ wà ní agbègbè náà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ Bàdágìrì náà kò gbẹ́yìn. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn tó ń pẹja nílé bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì, ẹni tó wà l'Ábújá ni wọn yóò pè fún owó. Òun náà yóò gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ lọ láti béèrè: ṣé ti bẹntiróòlù ni ká rà ni, àbí ti dísù? Mẹkáníìkì yóò dáhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe: dísù lágbára, dísù máa ń pẹ́ láyé, dísù kì í mu epo. Òótọ́ ni, lórí ilẹ̀. Lórí omi, ìdáhùn yẹn kù síbì kan, owó ńlá sì lè bá a lọ.

Nínú ẹ́ńjìnnì gan-an ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ti bẹntiróòlù máa ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, písítìnì á fún àdàlù náà pọ̀, púlọ́ọ̀gì á wá ta iná sí i. Ọ̀nà tí Nikolaus Otto ará Jámánì gbà ṣe é ní 1876 nìyẹn, òun la ṣì ń lò. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń fún, á sì fún un tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Ìgbà náà ni nọ́sù yóò tu epo sínú rẹ̀, epo á gbiná fúnra rẹ̀. Ọmọ Jámánì ni Rudolf Diesel tó ṣe èyí náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897. Bẹntiróòlù máa ń fún àdàlù rẹ̀ sí bí ìdá mẹ́jọ sí ìdá mẹ́wàá ààyè tó wà tẹ́lẹ̀. Dísù máa ń fún afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sí bí ìdá mẹ́rìndínlógún sí ìdá méjìlélógún.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sọ nípa ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti inú fífún yìí jáde. Nítorí pé agbára tó ń ti irin nínú dísù pọ̀, irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, nítorí náà ó wúwo, ó sì wọ́n. Nítorí pé ó ń fún afẹ́fẹ́ gidigidi, ó ń rí iṣẹ́ púpọ̀ gbà lára ooru epo. Lítà dísù kan náà sì ní agbára ju lítà bẹntiróòlù kan lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì dísù ṣe ń mu epo díẹ̀.

Lójú omi tiwa, kì í ṣe bẹntiróòlù irú ti mọ́tò, four-stroke, ló gbòde. Two-stroke ni, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, irú ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní “I better pass my neighbour”. Láti Senegal títí dé Cameroon, Yamaha Enduro ni ọ̀pọ̀ apẹja ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ti họ́sìpáwà 40 ló sì wọ́pọ̀ jù lára ọkọ̀ tó ń lọ sí òkun. Ìjẹkújẹ ẹ́ńjìnnì yìí wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é: ihò tí èéfín ń gbà jáde àti ihò tí epo tuntun ń gbà wọlé máa ń ṣí pa pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà apá kan lára epo tuntun á bá èéfín jáde láìjóná. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Epo tí apẹja fi owó rà ni ẹ ń rí lójú omi bí àwọ̀ òṣùmàrè lẹ́yìn ọkọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi í sílẹ̀? Mo ti gbọ́ tí àwọn ará ìlú ńlá ń sọ pé àìmọ̀kan ni. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí apẹja mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ju 70 sí 80 kìlógíráàmù lọ fún ti 40; ọkùnrin méjì á gbé e. Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó kò jìn ju mítà kan àbọ̀ sí mẹ́ta lọ, bí ilẹ̀ bá sì kan propẹ́là, apẹja á kàn tẹ ẹ́ńjìnnì náà sókè, á fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kọjá. Ewéko tó ń léfòó, tó ya wọ orílẹ̀-èdè yìí láti ìhà Bàdágìrì ní 1984, máa ń dí ojú omi láti ibẹ̀ títí kan Ìlàjẹ. Bó bá wé mọ́ propẹ́là, títẹ̀ sókè náà ni, a ó fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Ọ̀rá omi mímu tó há mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tó fi ń tutù, bákan náà ni. Lálẹ́, a lè tú u gbé wọlé, ohun tó sì ṣe pàtàkì nìyí ní àwọn omi Ìlàjẹ tí àwọn olè orí omi ti máa ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ apẹja. Sípéàpáàtì rẹ̀ sì wà ní ọjà gbogbo.

Ẹ́ńjìnnì dísù inú ọkọ̀ kò ní ìkankan nínú ìrọ̀rùn wọ̀nyí. Inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí, irin gígùn kan á ti ibẹ̀ la ìdí ọkọ̀ kọjá sínú omi, propẹ́là á wà lẹ́nu rẹ̀. A ní láti lu ìdí ọkọ̀, ká sì di ihò náà kí omi má wọlé. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú igi kan kò gba èyí. Ọkọ̀ onípákó gbà á bí igi ìdí rẹ̀ bá lágbára, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á máa tú ojú ibi tí pákó ti so pọ̀, bí káfíńtà ọkọ̀ kò bá ṣe ìjókòó rẹ̀ dáadáa. Propẹ́là náà kì í ṣe é tẹ̀ sókè. Bí àwọ̀n bá wé mọ́ ọn, ẹnì kan ní láti wọ omi.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti ṣẹ́gun ìṣòro yìí. Yanmar ti Japan ti ṣe ẹ́ńjìnnì dísù ẹ̀yìn ọkọ̀ rí, D27 àti D36, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi nínú wọn wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ, owó rẹ̀ sì ga fún apẹja. Ní etíkun Íńdíà, ètò ìpẹja ti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, tó ní ibùdó ní Madras, ṣe ẹ̀rọ kan láàárín ọdún 1980 sí 1989 tí dísù inú ọkọ̀ àti irin propẹ́là rẹ̀ fi lè gbé sókè pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun iyanrìn etíkun. Ní Thailand, wọ́n gbé dísù kékeré oníṣílíńdà kan sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n so irin gígùn mọ́ ọn, awakọ̀ a máa gbé irin náà sókè, a sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: R175 àti S195 ti ilẹ̀ China tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ nílé. S195 ń mú bí họ́sìpáwà 12 jáde, ó sì wúwo ju 130 kìlógíráàmù lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀nà Thailand yìí kò tíì gbilẹ̀ lójú omi wa, nítorí ẹni tó lè tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe wà ní abúlé gbogbo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Kugbo gan-an rèé. Ẹnì kan á wo dísù mọ́tò tòkunbọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, yóò rí i pé owó rẹ̀ kò ga, yóò ní ká gbé e lọ sí Ìlàjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń sinmi: ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń dúró, ó ń sáré díẹ̀. Ti ọkọ̀ ojú omi dà bí mọ́tò tó ń gun òkè tí kò lórí. Omi ń tì í láti ìgbà tó bá ti gbéra títí yóò fi dé. Radiétọ̀ kò rí afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀. Bí a bá sì fa omi òkun wọnú ẹ́ńjìnnì náà tààrà, iyọ̀ á jẹ irin rẹ̀ láìpẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí omi òkun yóò fi máa tu omi inú ẹ́ńjìnnì láìfara kàn án. Jíà mọ́tò kò sì bá a mu. Ti ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ dín yíyí irin kù kí propẹ́là ńlá lè máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ó sì lè gba agbára tí propẹ́là ń fi tì í padà. Ẹ ka iye gbogbo èyí mọ́ owó ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Propẹ́là ńlá tó ń yí díẹ̀díẹ̀ yẹn ni èrè dísù tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Ti ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ kéré, ó ń yára yí. Bí ọkọ̀ bá wúwo tàbí tó ń fa àwọ̀n, omi ló ń dà rú ju pé ó ń ti ọkọ̀ lọ. Ti dísù ń rí omi dì mú.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Two-stroke ń mu nǹkan bí ìdajì lítà fún họ́sìpáwà kan ní wákàtí kan. Dísù ń mu bí ìdá mẹ́rin lítà. Ká ní ọkọ̀ ń lo họ́sìpáwà 10 gan-an lójú omi: lítà 5 ní wákàtí kan fún two-stroke, lítà 2 àbọ̀ fún dísù. Ká tún fi 1,000 náírà ṣe iye lítà kọ̀ọ̀kan, kí ìṣirò lè rọrùn. Apẹja ọ̀sà tó ń wa ẹ́ńjìnnì wákàtí 2 lóòjọ́ yóò fi dísù pa 5,000 náírà mọ́ lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 200, mílíọ̀nù kan náírà. Ẹni tó ń lọ sí òkun, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8, yóò pa 20,000 mọ́ lọ́jọ́, mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún. Bí dísù pẹ̀lú irin, jíà àti iṣẹ́ káfíńtà bá fi mílíọ̀nù mẹ́ta wọ́n ju two-stroke lọ, ẹni àkọ́kọ́ yóò dúró fún ọdún mẹ́ta kí owó rẹ̀ tó padà wọlé, ẹni kejì kò ní dúró tó ọdún kan. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ béèrè kó tó béèrè ohunkóhun: wákàtí mélòó ni ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́?

Iye owó lítà kan ní ilé epo kò lè dáhùn rẹ̀. Títí di 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ, bẹntiróòlù pọ́ọ́kú gan-an ju dísù lọ ní Nàìjíríà, two-stroke sì bá ìgbà náà mu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà tó wà ní nǹkan bí 185 náírà kọjá 480. Ní Gánà, ìjọba ṣì ń ta epo tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́ fún apẹja ní ẹ̀dínwó, ìyẹn sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ apẹja tiwọn kúrò lórí two-stroke. Lọ́dọ̀ tiwa, ààbò yẹn ti lọ.

Fún ọ̀pọ̀ apẹja ọ̀sà, láti Makoko títí dé Ẹ̀pẹ́, mo gbà pé bẹntiróòlù ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì ni, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ four-stroke kékeré bí agbára bá ká a. Kì í gba ọ́ìlì nínú epo, ó sì ń fi bí ìdá mẹ́ta epo pa mọ́ ju two-stroke lọ. Ẹni tó ń fi 40 lọ ibi tí 15 lè gbé e dé ń sun owó. Bí ọkọ̀ gígùn tó wúwo bá dín eré rẹ̀ kù láti nọ́ọ̀tì 7 sí 6, epo tó ń mu ní wákàtí kan lè fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ìrìn á pẹ́ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n epo gbogbo ìrìn náà á ṣì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Kò sí dísù tí ẹnikẹ́ni lè rà tó rọrùn tó èyí.

Dísù yẹ ẹni tó ní ọkọ̀ onípákó tó lágbára, tó ń rin omi jíjìn, tó ń sun orí òkun. Ó tún ní ààbò kan tó yẹ ká fi ọkàn sí: bẹntiróòlù ń tú òórùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo, òórùn náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń kó jọ sí ìdí ọkọ̀, iná sìgá kan tàbí ti ìdáná lè mú un. Dísù kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́sù àti pọ́ńpù rẹ̀ kò gba omi tàbí ìdọ̀tí nínú epo rárá. Asẹ́ tó ń ya omi sọ́tọ̀ kì í ṣe ohun àfikún, ara ẹ́ńjìnnì ni. Kí owó tó kúrò l'Ábújá, ẹ pe ẹni tó wà nílé, kó béèrè ní Igbókòdá, ní Ìlàjẹ, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń tún pọ́ńpù dísù ṣe. Bó bá jẹ́ pé Èkó tàbí Benin ni wọn yóò máa gbé e lọ, ẹ ka gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò fi dúró ní èbúté mọ́ iye ẹ́ńjìnnì náà.