Ọmọrí ìgò lásán kọ́! Bí àwọn agbẹ́gilére Val Gardena ṣe ń sọ igi di ẹ̀bùn ọdún Kérésìmesì

Bí wọ́n bá ní kí àwọn ará ilé dárúkọ ohun tí kò níye lórí jù lọ nínú ilé, ó ṣeé ṣe kí ọmọrí ìgò wà lára ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ó bá sọ nù, wọn a wá bébà tàbí àkísà, wọn a fi dí ẹnu ìgò náà, ọ̀rọ̀ parí. Ẹlẹ́mu tilẹ̀ kì í wá ọmọrí rárá. Ewé ló máa ń rọ sí ẹnu kèrègbè, kí ẹmu tó ń hó lè rí ibi mí.

Ṣùgbọ́n ní àfonífojì kan tó wà láàrin àwọn òkè Dolomites, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Ítálì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Val Gardena ni orúkọ ibẹ̀. Níbẹ̀, agbẹ́gilére tó gbówọ́ lè jókòó ti ọmọrí ìgò kan ṣoṣo bí ẹni tó ń gbẹ́ ère fún ilé Ọlọ́run. Yóò gbẹ́ bàbá arúgbó onírùngbọ̀n gígùn, yóò gbẹ́ ọ̀mùtí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, yóò gbẹ́ Bàbá Kérésì pẹ̀lú fìlà rẹ̀, yóò wá fi kọ́ọ̀kì sí i nídìí. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, irú nǹkan wọ̀nyí ni àwọn èèyàn ń rà fún ara wọn láti fi ṣọdún.

Ìlú mẹ́ta ló wà ní àfonífojì náà: Ortisei, Santa Cristina àti Selva. Gbogbo èèyàn tó ń gbé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju bíi 10,000 lọ. Ladin ni èdè àbínibí ọ̀pọ̀ nínú wọn, èdè kékeré kan tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀ lágbàáyé. Abẹ́ ìjọba Austria ni wọ́n wà títí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fi parí. Àdéhùn ọdún 1919 ló fà wọ́n lé Ítálì lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ ibẹ̀ fi ń gbọ́ Ladin, Jámánì àti èdè Ítálì. Ìjọba ń yí padà lórí wọn, èdè ọjà ń yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìgbẹ́gi kò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Òtútù ló bí iṣẹ́ yìí

Ortisei ga ju 1,200 mítà lọ sí orí òkun. Àgbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn, wọ́n sì ń sin màlúù. Bí yìnyín bá ti bo oko lásìkò òtútù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbìn, kò sì sí ibi tí ẹran lè jẹ̀ dé. Ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni igi. Oríṣi igi páìnì kan wà lórí òkè wọn tó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, tó sì ní òórùn dídùn. Láti bíi 1600 sí 1700 ni wọ́n ti sọ gbígbẹ́ igi yìí di òwò gidi. Ìdílé Trebinger àti ìdílé Vinazer wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lórúkọ nídìí rẹ̀, ère ilé ìjọsìn sì ni iṣẹ́ tó gbé wọn ga.

Àwọn tí kò lè gbẹ́ ère ńlá ń gbẹ́ ohun kéékèèké: ẹṣin, ẹyẹ, ọmọlangidi tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká. Àwọn alájàpá a kó o sínú àpótí, wọn a pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, wọn a fẹsẹ̀ rìn sọdá òkè lọ sí ìlú mìíràn. Bí ọjà náà ṣe dé gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn. Victoria, tó di ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1837, fi irú ọmọlangidi onígi bẹ́ẹ̀ ṣeré nígbà tó wà lọ́mọdé. Èyí tó ní lé ní 100.

Bí ọtí ṣe dé ọ̀rọ̀ igi

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í pé kí ni ó kan ère kan ìgò ọtí. Ẹni tó bá ti ṣí wáìnì rí mọ̀ pé kọ́ọ̀kì tó jáde kì í fẹ́ padà wọlé. Nígbà tí wọ́n ń kì í bọ ìgò, ẹ̀rọ ló fún un mọ́ra; bó ti jáde, ó wú. Bí wọ́n bá sì fi ìgò sílẹ̀ láìdé, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ọtí náà, yóò sì kan. Nítorí náà, ilé tó bá ń mu wáìnì nílò ọmọrí mìíràn tó ṣeé fi wọlé, tó ṣeé fà yọ.

Kọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àfojúdi. Èèpo igi kan ni, ilẹ̀ Portugal ló sì ń pèsè bí ìdajì èyí tí aráyé ń lò. Igi náà a tó bí ọmọ ọdún 25 kí wọ́n tó kọ́kọ́ bó o, lẹ́yìn náà, ọdún 9 ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó tún bó o. Wọn kì í gé e lulẹ̀. Èèpo náà yóò tún hù. Èyí jẹ́ kí ó yé èèyàn pé ohun tó wà nídìí ọmọrí náà gba sùúrù bí èyí tó wà lórí rẹ̀.

Àwọn agbẹ́gilére wá wò ó pé, nígbà tó jẹ́ pé orí tábìlì, lójú àlejò, ni ìgò yìí ń dúró, kí ló dé tí ọmọrí rẹ̀ kò fi ní lójú àti imú? Lọ́dún 1912, Anton Riffeser dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Val Gardena. Ó mú lẹ́tà méjì méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì pe ilé iṣẹ́ náà ní ANRI. Lára ohun tó sọ wọ́n di olókìkí ni ọmọrí ìgò tó ń ṣe eré. Bí wọ́n bá tẹ irin kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bàbá kan yóò ṣí fìlà kí àlejò, òmíràn yóò gbé ife sẹ́nu, ọkọ àti aya yóò sì fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Títí di òní, àwọn tó fẹ́ràn láti máa kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wá irú rẹ̀ kiri, pàápàá ní Amẹ́ríkà.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ

Igi tó bá gbẹ dáadáa ni wọ́n ń lò, nítorí igi tútù yóò sán bó bá yá. Wọ́n a gé e ní igun mẹ́rin, wọ́n a sì rí i dájú pé iṣan igi náà gba òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí iṣan bá dábùú, ọrùn ère náà yóò ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ mutí bá fà á. Ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ojú sí pẹrẹsẹ igi. Igun ni wọ́n fi ń ṣe imú, nítorí pé igun ti yọ síta tẹ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì yóò sì ti rọra sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn imú ni wọ́n tó ń wá ihò ojú, ẹnu àti irùngbọ̀n.

Wọn kì í jẹ́ kí ohunkóhun yọ gọnbọ lára rẹ̀ jù. Ère tí wọ́n gbé sórí pẹpẹ, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Ọmọrí ìgò, ọwọ́ ni yóò máa gbá a mú. Etí fìlà tó bá fẹ́lẹ́ jù, imú tó bá gùn jù, kò ní pẹ́ kán. Bí gbígbẹ́ bá parí, wọn a lu ihò sí ìdí ère náà, wọn a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ kọ́ọ̀kì, wọn a fi gọ́ọ̀mù dì í. Ẹnu ìgò wáìnì fẹ̀ tó bíi mìlímítà 18 sí 19 nínú, nítorí náà kọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ tín-ín-rín nísàlẹ̀ díẹ̀ kó lè há dáadáa. Ọ̀dà lè wà lórí ère, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kan apá tó ń wọ inú ọtí.

Níbi tí ìjà wà

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ní alátakò, inú ilé ni alátakò náà sì wà. Ẹ̀rọ kan dé tí òṣìṣẹ́ ń fi irin rẹ̀ tọ ara ère àwòkọ́ṣe, tí àwọn irin mìíràn tó ń yí bírí yóò sì máa gbẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀ sára ọ̀pọ̀ igi lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó kù fún ọmọ èèyàn kò ju kó dán an, kó kun ún lọ́dà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí tún wá, àti ère oníke tí wọ́n kàn ń dà sínú àwòṣe bí ẹni ń da ẹ̀kọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú ẹ̀rọ láìrò ó. Ẹ̀rọ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Val Gardena ríṣẹ́ ṣe, ó sì jẹ́ kí tálákà rí ẹ̀bùn ọdún rà. Agbẹ́gilére tó ní òun kò ní fi ẹ̀rọ kan igi, owó tí yóò pe iṣẹ́ rẹ̀ lè lé oníbàárà sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà: kí wọ́n ta iṣẹ́ ẹ̀rọ ní iye iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó ti igi kan, báwo ni yóò ṣe bá ẹni tó gbẹ́ ogún láàrin àkókò kan náà díje, bí àwọn méjèèjì bá ń pariwo pé ọwọ́ làwọn fi ṣe é?

Èyí ló mú kí ilé ẹgbẹ́ oníṣòwò ní Bolzano máa fi òǹtẹ̀ sí ère tí wọ́n bá fi ọwọ́ gbẹ́ pátápátá. Ẹni tí kò bá rí òǹtẹ̀ náà lè lo ojú ara rẹ̀. Kó gbé méjì tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: bí wọ́n bá bára mu láìyẹ̀, títí dé orí irun kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ló bí wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ máa ń jọ bí ọmọ ìyá ṣe ń jọ, kì í jọ bí owó ẹyọ. Kó sì yẹ ibi kọ̀rọ̀ wò, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n àti ẹ̀yìn etí, níbi tí ojú ọ̀bẹ ti máa ń hàn.

Ohun kan tún wà tí àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ̀rọ kò mọ bí arúgbó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àdàkọ ló ń ṣe. Ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ rí ẹ̀rín náà, kó sì gbé e wọ inú igi. Bí àwọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ bá tán, ẹ̀rín àná ni ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ jáde títí láé.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ère kéékèèké fún títà kì í ṣe iṣẹ́ ọnà gidi, ẹ rántí Thomas Ọnà Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àwọn òyìnbó aláṣẹ, lọ́yà àti àwọn tó ń gbé agboòrùn ló ń gbẹ́ ní kékeré, tó sì ń tà fún àwọn òyìnbó fúnra wọn. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó kéré lọ́wọ́, kò kéré lójú.

Ní Val Gardena, kò sí ẹni tó ń dúró de oṣù Kejìlá kó tó gbé ọ̀bẹ. Igi tí wọn yóò fi ṣe ọmọrí ìgò ọdún tó ń bọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa gbẹ nísinsìnyí. Bóyá ọwọ́ ni yóò gbẹ́ ẹ tàbí ẹ̀rọ, ẹni tó fẹ́ rà á ni yóò pinnu, bó bá lè béèrè kó tó sanwó.