Ẹni Tó Mọ Ẹ̀wà Sè Kò Ní Í Bẹ̀rù Bùrító

Ẹni tó bá mọ ẹ̀wà àgọ̀yìn sè ti mọ ohun tó le jù nínú bùrító. Ẹ̀wà àgọ̀yìn kì í ṣe ẹ̀wà àsáréṣe. Wọ́n á jẹ́ kó jinná títí èèpo rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fọ́, wọ́n á wá da ata gbígbẹ tí wọ́n ti dín dúdú nínú epo pupa lé e lórí. Ní àríwá Mẹ́síkò, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Sonora àti Chihuahua, ohun tí wọ́n ń ṣe kò jìnnà sí ìyẹn rárá. Wọ́n á se ẹ̀wà títí á fi rọ̀, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá gbígbóná, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ fọ́ bó ṣe ń dín lọ. Frijoles refritos ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á bù ú sórí tọ̀tíyà, ìyẹn àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi fúláwà ṣe, wọ́n á fi ẹran tàbí wàràkàṣì sí i, wọ́n á ká a. Bùrító nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ń rí oúnjẹ yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun ìràjẹ ni a kà á sí. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kì í jẹ́ ká gbádùn níbí. Ìyá ń ti ilé ìwòsàn dé, bàbá ń múra iṣẹ́ alẹ́, àwọn ọmọ ti ilé ìwé dé tòun ti ebi àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lèèyàn ń gúnyán. Mo gbà gidigidi pé ìkòkò ẹ̀wà kan àti ìkòkò ẹran kan, tí a bá sè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, tó ìdílé jẹ fún alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé oúnjẹ àná ni wọ́n tún gbé fóun.

Fúláwà yẹn nìkan ló jẹ́ àjèjì sí wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, àjèjì ló sì jẹ́ fún àwọn ará Mẹ́síkò náà nígbà kan. Ilẹ̀ wọn ni àgbàdo ti ṣẹ̀, àgbàdo sì ni wọ́n fi ń ṣe tọ̀tíyà ní ibi púpọ̀ níbẹ̀ títí dòní. Àwọn ará Sípéènì tó gba ilẹ̀ náà ní 1521 ló kó àlìkámà, èyí tí wọ́n ń lọ̀ di fúláwà, wọ ibẹ̀. Àlùfáà Jésúìtì kan, Eusebio Kino, tó dé agbègbè Sonora ní 1687, wà lára àwọn tó fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní irúgbìn rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí pé àlìkámà máa ń ṣe dáadáa ní ìgbà òtútù, nígbà tí àgbàdo kò lè wà lóko. Tọ̀tíyà fúláwà ń fẹ̀, ó ń rọ̀, ó sì ṣeé ká láì ya. Ti àgbàdo kò lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó má fọ́. Ìdí nìyẹn tí bùrító fi jẹ́ oúnjẹ àríwá.

Wọ́n máa ń pìtàn pé ọwọ́ ọkùnrin kan ní ìlú Ciudad Juárez ni bùrító ti bẹ̀rẹ̀, pé ó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé e kiri tà nígbà ogun abẹ́lé Mẹ́síkò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1910. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀ èdè tí Feliz Ramos i Duarte ṣe ní 1895 ti mẹ́nu kan bùrító ṣáájú ogun náà. Èyí tó tóbi bí apá ọmọdé, tí wọ́n kó ìrẹsì àti ẹ̀wà há inú rẹ̀, àdúgbò Mission ní San Francisco ló ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Febronio Ontiveros, tó ni ṣọ́ọ̀bù El Faro níbẹ̀, sọ pé àwọn panápaná lòun kọ́kọ́ tà á fún ní 1961.

Fún alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ti Chihuahua ni mo fara mọ́. Ti San Francisco ń fẹ́ ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹran, ata tútù, píà àti wàràkàṣì lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló fẹ́ dúró ti gbogbo ìyẹn ní aago méje alẹ́? Ẹ̀wà tó jinná dénú àti ẹran tó ti mu ata ló ń yó ọmọ, kì í ṣe iye nǹkan tí a kó pọ̀.

Ẹ̀wà pinto, èyí tó ní àmì tó-tò-tó lára, ni wọ́n ń lò jù ní Chihuahua. Ẹ rẹ pọ́n-ùn kan mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu òmíràn sí i kó ga ju ẹ̀wà lọ dáadáa, ẹ fi àlùbọ́sà tí ẹ là sí méjì àti aáyù díẹ̀ sí i, ẹ sì jẹ́ kó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ fún wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Ẹ̀wà olóyin náà ṣeé lò. Kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iná, adùn rẹ̀ sì bá ata mu. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà pupa ńlá onírìísí kíndìnrín lẹ ní, ó gbọ́dọ̀ hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí iná jẹ́ẹ́jẹ́ kì í pa, nítorí náà ẹ má kàn dà á ní tútù sínú àwọn ìkòkò oníná tó ń rọra se oúnjẹ látàárọ̀ dalẹ́. Tí ẹ̀wà bá ti rọ̀, ẹ gbé òróró kaná, ẹ dín àlùbọ́sà sí i títí á fi pọ́n, kí ẹ wá da ẹ̀wà lé e. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fi omi tí ẹ fi sè é rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí orógùn bá kọjá, tí ìsàlẹ̀ ìkòkò hàn díẹ̀ kí ẹ̀wà tó padà bò ó, ó ti tó.

Ti ẹran, ibi èjìká màlúù ló dáa jù, nítorí ó ní iṣan tó ń yọ́. Ata gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní guajillo àti ancho ni wọ́n fi ń sè é, wọn kò ta tó ata rodo, àwọ̀ àti òórùn wọn la ń wá. Ẹ kó kóró inú wọn dànù, ẹ yan wọ́n lórí páànù gbígbẹ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí òórùn wọn bá ti gba ilé ni kí ẹ gbé e sọ̀, torí tó bá jó, ìkorò rẹ̀ kì í kúrò nínú ọbẹ̀. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná, ẹ lọ̀ wọ́n pẹ̀lú aáyù, ẹ dà á sórí ẹran, kó máa sè títí ẹran á fi ń ya lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá rí ata wọ̀nyẹn lè lo tàtàṣé gbígbẹ pẹ̀lú ṣọ̀ǹbọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù rárá, torí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀ǹbọ̀ wa ti wá, tòun ti tòmátì àti àgbàdo, láti ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń kọjá láàárín òkun. Ẹ̀wà tiwa náà lọ sọ́hùn-ún. Ní Yucatán, ní gúúsù Mẹ́síkò, wọ́n ṣì ń sè é, xpelón ni wọ́n ń pè é.

Ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, dídì ló kù. Tọ̀tíyà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 ni kí ẹ rà. Ẹ má ká a ní tútù láé, ó máa ya. Ẹ fi sórí páànù gbígbẹ gbígbóná, apá kan kó tó ogún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ yí i padà, á rọ̀ bí aṣọ. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ bu ẹ̀wà àti ẹran sí ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀, kó gùn bí ọwọ́, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣófo. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ wálé, ẹ gbé etí ìsàlẹ̀ bo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìka fà á mọ́ra kó le, kí ẹ tó máa yí i lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe nìyí: ẹ dá a padà sórí páànù, kí ojú tí ó parí sí kọjú sí ìsàlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú yẹn á lẹ̀ pọ̀, ara á pọ́n, kò ní tú mọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dì tiwọn. Ọmọ tí ń yínmú sí ẹ̀wà nínú àwo máa ń jẹ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì tán.

Tí ẹ bá fẹ́ kó ó sí fìrísà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà àti ẹran tutù kí ẹ tó dì í, torí ooru á di omi nínú tọ̀tíyà, á sì mú kó rọ̀ jù. Ẹ má fi tòmátì tútù, ewébẹ̀ tàbí píà sí èyí tó ń lọ fìrísà. Tó bá jẹ́ pé ìrẹsì ló wù yín láti fi kún un, kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ kó tó wọ fìríìjì, nítorí kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Ẹ fi fọ́ìlì wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù méjì sí mẹ́ta kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ bọ́ fọ́ìlì kúrò, ẹ fi bébà ìnuwọ́ tó tutù wé e, ẹ gbé e sínú máíkírówéèfù títí àárín rẹ̀ á fi gbóná janjan, kí ẹ tó tún fi sórí páànù kí ara rẹ̀ lè gan.