Nígbà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Di Adájọ́ Ìwé Ìtàn

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọlé lóṣù kẹsàn-án ní ilẹ̀ Faransé, nǹkan bí 2,000 akẹ́kọ̀ọ́ girama máa ń gba àwọn ìwé kan tí kò sí lára ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Ìwé ìtàn àròsọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún náà ni, bíi 14 tàbí 15. Oṣù méjì péré ni wọ́n fi ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó, wọ́n á bá ara wọn jiyàn, wọ́n á dìbò, wọ́n á sì mú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀bùn tí ẹni tó kọ ìwé náà ń gbà ni Goncourt des Lycéens, ẹ̀bùn Goncourt tó jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí máàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ìdáhùn tí olùkọ́ ti kọ sílẹ̀ dè wọ́n. Èrò ọmọ kọ̀ọ̀kan nípa ohun tó kà ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń bá a gbé e yẹ̀ wò.

Orúkọ ẹ̀bùn náà ti wà tipẹ́. Nígbà tí òǹkọ̀wé kan, Edmond de Goncourt, kú ní 1896, ìwé ìhágún rẹ̀ sọ pé kí wọ́n fi dúkìá òun dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa fún ìwé ìtàn ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún. Ní 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ẹnìkan. Ènìyàn mẹ́wàá ló ń dá ẹjọ́ náà, ilé oúnjẹ Drouant ní Paris sì ni wọ́n ti ń pàdé. Owó tó wà nídìí ẹ̀bùn ọ̀hún kò ju yúrò mẹ́wàá lọ, iye tí kò lè ra oúnjẹ ọ̀sán nílé oúnjẹ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kéde ìwé tó gbà á, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló máa ń rà á. Ní 1988, ilé ìtajà Fnac àti àwọn olùkọ́ kan ní ìlú Rennes, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, gbé àbá kan kalẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ sì fọwọ́ sí i: kí àwọn ọ̀dọ́ ka ìwé kan náà tí àwọn àgbà mẹ́wàá yìí kọ́kọ́ ṣà jọ, kí wọ́n sì dá ẹjọ́ tiwọn lọ́tọ̀.

Ọmọ ọdún 15 sí 18 ni àwọn tó ń kópa, wọn kì í sì í ṣa àwọn tí orí wọn pé jù nìkan. Kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ ọwọ́ máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti lítíréṣọ̀, àwọn ọmọ kan sì wà lára wọn tí wọn kò ka odidi ìwé ìtàn kan tán rí. Fnac ló ń fún wọn ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan kì í kárí kíláàsì, nítorí náà ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bi í bóyá ó dára. Ẹni tó pa á tì lágbedeméjì á ní láti sọ ìdí. Olùkọ́ kò tíì pe ìpàdé kankan, àwọn ọmọ ti ń tún èrò ara wọn ṣe lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì àti nínú bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu kì í jinlẹ̀. “Ó dùn.” “Ó sú mi.” “Ó ti gùn jù.” Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo òǹkàwé ti ń bẹ̀rẹ̀, títí kan àgbà. Aidan Chambers, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe olùkọ́ rí, kọ ìwé kan lórí bí a ṣe lè mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ síwájú. Tell Me ni orúkọ rẹ̀, 1993 ló jáde. Kò fẹ́ kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ nípa bíbi ọmọ léèrè pé kí ni ìtumọ̀ ìwé. Ohun mẹ́rin ni kí ó béèrè, tí ọmọ kankan kò lè sọ pé òun kò mọ̀: kí ló wù ọ́ níbẹ̀, kí ni kò wù ọ́, kí ló rú ọ lójú, kí lo sì rí tó ń jọra tàbí tó ń wáyé léraléra. Ìbéèrè kẹta ló lágbára jù. Ọmọ tó bá sọ pé, “Kò yé mi ìdí tí ìyá yẹn fi dákẹ́,” ti fi iṣẹ́ lé gbogbo kíláàsì lọ́wọ́. Ẹnìkan á ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹlòmíràn á ní rárá, obìnrin náà ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, òǹkàwé ni kò kíyè sí i. Wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á wá ojú ewé náà. Kí wọ́n tó rí i, ẹni tó ní ìwé sú òun lè ti yí èrò rẹ̀ padà, láìsí ẹni tó pàṣẹ fún un.

Ó ti pẹ́ tí Louise Rosenblatt, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ohun tó fà á. Nínú Literature as Exploration, tó jáde ní 1938, ó ní ìtumọ̀ ìtàn kò sí nínú ìwé nìkan, kò sì sí lọ́kàn òǹkàwé nìkan. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé ló ti ń bí. Ohun tí àwọn kan máa ń gbàgbé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kò sọ pé gbogbo èrò ló dọ́gba. Èrò tí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá tì lẹ́yìn wúwo ju èyí tó lòdì sí i lọ.

Kí àríyànjiyàn ńlá tó dé, àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn máa ń wá kojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú mélòó kan. Ìbéèrè ọmọdé kì í yí po. Ṣé ìwọ ló ṣẹlẹ̀ sí? Kí ló dé tí o fi pa á? Lẹ́yìn èyí ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan á mú ìwé mẹ́ta tó fẹ́ràn jù, tí á sì yan aṣojú kan tí yóò lọ gbèjà wọn níwájú àwọn aṣojú kíláàsì yòókù ní agbègbè náà. Àwọn tí agbègbè bá tún yàn nínú wọn ló ń lọ sí Rennes fún ìdájọ́ ìkẹyìn, níbi tí wọn ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn sínú yàrá.

Iṣẹ́ aṣojú yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìwé tí kíláàsì rẹ̀ mú lè má jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, síbẹ̀ òun ni yóò gba ẹnu àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Ó ní láti mọ ohun tí wọ́n rí nínú ìwé náà, kí ó sì fi í yé àwọn àjèjì tí wọ́n ti ka ìwé kan náà tí wọ́n sì rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Èyí ṣòro fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà pàápàá.

Ẹni tó bá rò pé ìwé tó rọrùn ni ọmọdé máa ń mú, kó wo àwọn tí wọ́n ti mú. Ní 2000, Jean-Jacques Schuhl ni àwọn àgbà fún ní ẹ̀bùn tiwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú Allah n’est pas obligé tí Ahmadou Kourouma, ọmọ Côte d’Ivoire, kọ. Ọmọdékùnrin kan, Birahima, tó di ọmọ ogun ní Làìbéríà àti Sàró, ló ń sọ ìtàn náà, ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́rin ló sì fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ti ń bá a lọ. Níwájú ìwé náà, Kourouma fi hàn pé àwọn ọmọ Djibouti ló ní kí òun kọ ọ́. Àwọn ọmọdé ló bẹ iṣẹ́ náà, ọwọ́ àwọn ọmọdé náà ni ẹ̀bùn rẹ̀ sì ti wá.

Ní 2016, Petit Pays ti Gaël Faye ni wọ́n mú, ìtàn ọmọkùnrin kan ní Bùrúndì tí ogun ń bọ̀ wá bá. Ní 2018, wọ́n mú Frère d’âme ti David Diop, nípa ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó jagun fún Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀bùn International Booker. Ní 2020, Djaïli Amadou Amal láti Kamẹrúùnù ló gbà á pẹ̀lú Les Impatientes, níbi tí wọ́n ti fi Ramla, ọmọ ọdún 17, fún ọkọ tí kò fẹ́, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún un kò ju Ramla lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà mìíràn, ọmọdé àti àgbà a máa fẹnu kò, bí wọ́n ti ṣe ní 1995 lórí Andreï Makine, ṣùgbọ́n ohun tó hàn nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ yìí mú ni pé ìtàn ọmọ tí àgbà kó sí wàhálà máa ń mú wọn lọ́kàn.

Ètò yìí kò ṣàìní àbùkù. Àgbà ló ń ṣa ìwé jọ, nítorí náà òmìnira ọmọ wà nínú ìdájọ́, kò sí nínú yíyàn ohun tí yóò kà. Ilé ìtajà tó ń fún wọn níwèé sì ń jèrè tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ka ìwé mẹ́rìnlá tán láàárín oṣù méjì, kò sì yẹ kí a fi ìyẹn bá wọn wí. Daniel Pennac, òǹkọ̀wé tó ṣe olùkọ́ ní Faransé, ka ẹ̀tọ́ mẹ́wàá fún òǹkàwé nínú Comme un roman, ìwé rẹ̀ ti 1992. Ẹ̀tọ́ láti fo ojú ewé wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti má ka ìwé tán náà wà níbẹ̀. Ìkẹwàá ni ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ nípa ohun tí a kà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí ọmọ sọ èrò rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn: ìwé mìíràn wà tó jẹ́ pé bó ṣe kan ọmọ tó ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ níta.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìwé tí ìdánwò yàn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kà, àkópọ̀ ìtàn àti ìwà ẹ̀dá ìtàn ni wọ́n sì ń há sórí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó yẹ fún àríyànjiyàn kò wọ́n wa. Ẹni tó ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974, mọ̀ pé kò ṣeé ṣe kí ọmọ mẹ́wàá fẹnu kò lórí Àjàní, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, kí wọ́n sì gbà pé ẹnìkan ṣoṣo ló jẹ̀bi. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní ẹ̀dà méjì méjì ìwé mẹ́rin lè ṣe é láàárín táàmù kan: kí ìwé máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, kí wọ́n pàdé ní ọjọ́ Ẹtì kan, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ìwé ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì dìbò. Kí tíṣà jókòó sẹ́yìn, kó má sì dìbò pẹ̀lú wọn.