Aṣọ Tí Mo Gé Nígbà Tí A Ń Ṣe Ilé Wa Lọ́ṣọ̀ọ́

Bí mo bá wọ ilé tọkọtaya tuntun, ara ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́ mi ní àṣà yìí, nítorí ohun tí ó wà lára ògiri kíláàsì máa ń sọ irú ẹni tí tíṣà ibẹ̀ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó lanu. Nínú ilé púpọ̀ tí mo ti wọ̀, nǹkan kan náà ni mò ń bá pàdé: àga ńlá tí ó gba gbogbo pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, òdòdó ọlọ́rà tí eruku ti bò, àti kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó àwọn fúnra wọn. Ẹni tí ó bá sún mọ́ wọn yóò gbọ́ ìyókù, pé gbèsè àga kò tíì tán nílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni èmi àti ìyàwó mi ṣe ìgbéyàwó. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Aṣọ ni òun ń tà ní Gbági. Yàrá kan àti pálọ̀ ni a gbà ní Mọ́lété, nínú ìlú Ìbàdàn. Onílé ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú kun ún, ó sì ti kìlọ̀ fún wa ní ọjọ́ tí a san owó pé òun kò fẹ́ gbọ́ ìró òòlù lára ògiri òun. Ìnáwó ìgbéyàwó ti gbọn àpò wa gbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní iléèwé ní kí n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí n fi ra àga, kí ojú má baà tì mí níwájú àlejò. Ìyàwó mi ni ó kọ̀. Ó ní, “Tíṣà, èmi tí mò ń ta ọjà, n kò fẹ́ jókòó sórí gbèsè nínú ilé mi. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe é.”

Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Mo ra pákó ní ọjà pákó Bódìjà, mo kan pẹpẹ ìwé. Apá òsì rẹ̀ ga ju apá ọ̀tún lọ. Ìwé ìṣirò kan ni a há sábẹ́ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ní ti ìṣó tí onílé kọ̀, a gbé ọ̀pá igi gbọọrọ kan lé orí férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé, a sì ń fi okùn so àwòrán kọ́ sí i. Ní ọjọ́ Sátidé kan mo gun ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn tí ń fín igbá ṣì wà, mo ra igbá kan, mo fi irin gbígbóná dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, mo sì fi gílóòbù iná sínú rẹ̀. (Gílóòbù tuntun tí kì í gbóná ni kí ẹ lò, kí ẹ má baà sun ilé onílé.) Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí iná ìjọba sì wà, ara ògiri wa a kún fún ìràwọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa yọjú lójú fèrèsé láti wò ó.

Iṣẹ́ náà wá wọ̀ mí lẹ́wù ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyàwó mi lọ ra ọjà ní Èkó, ọjọ́ méjì ni yóò lò níbẹ̀. Mo ti kan bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan, mo ti gé fóòmù fún un, aṣọ tí yóò bo tìmùtìmù náà ni ó kù. Mo ní kí n parí rẹ̀ kí ó tó dé, kí inú rẹ̀ lè dùn. Mo ṣí àpótí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn, mo rí aṣọ aró kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, tí etí rẹ̀ sì ti ya. Mo rò nínú ara mi pé aṣọ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ró mọ́ ni. Mo mú àlùmọ́gàjí. Wákàtí kan kò pé tí mo fi gé e sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo fi ọwọ́ rán an, mo to tìmùtìmù mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì, mo sì ń súfèé.

Alẹ́ ni ó dé. Ó rẹ́rìn-ín sí iná inú igbá, ó bọ́ bàtà, ó fẹ́ jókòó. Kò jókòó mọ́. Ó fi ọwọ́ pa tìmùtìmù kan lára, ó béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Tíṣà, níbo lẹ ti rí aṣọ yìí?” Mo dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga. Kò bú mi, kò sì sunkún lójú mi. Ó tú okùn tí mo fi rán wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn, ó kó wọn wọ yàrá. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n “ẹ káàárọ̀” àti “ó dàárọ̀” nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá tíì bá gbélé rí kò mọ bí pálọ̀ kékeré ṣe lè tóbi tó.

Ìyá ìyàwó mi ni ó là mí lóye lórí fóònù. Ìyá tiwọn, tí ó ti di olóògbé, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya aṣọ náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí ni ó sì fà á lé lọ́wọ́ kí ó tó kú.

Ní ọjọ́ Àìkú mo bẹ ìyàwó mi kí a jọ lọ sí Bẹẹrẹ, lọ́dọ̀ àbúrò olóògbé náà, ìyá arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́. Ìyá Àgbà wò mí títí. Ó ní, “Dìde, ọmọ mi. Bó o dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, aṣọ ò ní tìtorí ẹ̀ so pọ̀.” Ó gba abala mẹ́rin náà, ó tò wọ́n sórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka tọ́ wọn bí ẹni ń kàwé.

Ìbàdàndùn ni orúkọ aṣọ náà. Oríṣiríṣi ọnà ni wọ́n yà sínú àpótí onígun mẹ́rin tí wọ́n pín in sí. Nínú ọ̀kan, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Ó sọ fún wa nípa Olóba pẹ̀lú, àdìrẹ tí ó ti inú àjọ̀dún ọdún 1935 wá, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti Ìlú Ọba pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè. Ó ní ní ayé àwọn, bí aṣọ bá kọjá ní títì, àwọn a mọ ìyá tí ó yà á. Ojú tì mí gidigidi. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, mo ti fi àlùmọ́gàjí gé ìwé ìtàn sí tìmùtìmù.

Ìyá Àgbà ni ó ní dípò kí a máa ṣọ̀fọ̀, kí a lọ ra aṣọ funfun olówùú, abala méjì, yáàdì méjì ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà, kí a máa bọ̀ ní gbogbo Sátidé.

Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ kì í ṣe ẹ̀kọ mímu. Láfún ni wọ́n ń rò, wọn a fi álọ́ọ̀mù sí i, wọn a sì sẹ́ ẹ kí kókó má baà wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni kálàmù wọn. (Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ní tiwọn a máa gé ọnà sára páànù, wọn a sì ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀.) Ojú aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń yà, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣú ju iwájú lọ. Ìyàwó mi ní ohun tí òun fi ń dá a mọ̀ nìyẹn ní ọjà, nítorí àdìrẹ ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun ti pọ̀ lórí àtẹ, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Aṣọ kìíní tí a yà bàjẹ́. Èmi ni mo ro ẹ̀kọ, ó ṣàn jù, aró wọ abẹ́ rẹ̀, òpó Mápó sì dà bí ọ̀pá iṣu tí ìjì wó. Ìyàwó mi gba ìyẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tèmi ni láti máa lé ewúrẹ́ agbo ilé, nítorí ewúrẹ́ kò mọ ẹ̀kọ aṣọ yàtọ̀ sí ẹ̀kọ jíjẹ.

Nígbà tí èkejì gbẹ, a gbé e lọ sọ́dọ̀ aláró. Ní àtijọ́, ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọn a ṣù ú, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kàn. Àwọn tí ó ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Aró oníyẹ̀fun àti kọ́sítíìkì sódà ni ó wọ́pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kọ́sítíìkì sódà a máa bó ni lára. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọ̀ ewé ni aṣọ náà ní nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ ni ó sọ ọ́ di aró lójú wa. Wọ́n rì í, wọ́n sá a, wọ́n tún rì í lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ó gbẹ tán, ìyàwó mi ha ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀, ọnà sì yọ jáde. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ pè mí ní “olówó orí mi” láti ìgbà tí mo ti gé aṣọ.

Aṣọ yẹn ni kọ́tìnnì pálọ̀ wa lónìí. Ní ti abala mẹ́rin àtijọ́, ó gán wọn papọ̀ mọ́ aṣọ funfun kan, ó sì ní òun kò ní fi ojú rírán rẹ̀ pamọ́. Mo kan férémù sí i, a sì fi okùn so ó rọ̀ sórí ọ̀pá wa.

Ní ọjọ́ tí onílé wá gba owó ilé, ó wo kọ́tìnnì náà pẹ́ títí. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó dá òpó Mápó mọ̀ kíá. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ìyàwó, ṣíbí ni àwọn ìyá wa máa ń yà sáàárín òpó yìí. Kí lèyí tó la ẹnu sílẹ̀ báyìí?”

Mo yára wọ yàrá bí ẹni tí ó ń lọ mú owó. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Ó ní, “Àlùmọ́gàjí ni, Bàbá. Àlùmọ́gàjí Tíṣà ni.”