Èéfín Tí Ojú Kò Rí

Ní Kúta wa níhìn-ín, bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ bá ń tú èéfín dúdú, mo máa ń pe ọmọ mi wọlé kíá, nítorí èémí rẹ̀ kì í pẹ́ há. Mo ṣe bí èéfín tí kò dúdú kò léwu.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ti fi ètò kọ̀ǹpútà pamọ́ sínú ọkọ̀ dísẹ́lì bíi mílíọ̀nù 11 kárí ayé. Bí wọ́n bá ń yẹ ọkọ̀ náà wò, èéfín rẹ̀ á mọ́. Bó bá dé ojú títì, májèlé inú rẹ̀ lè tó ìlọ́po 40 iye tí òfin gbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé ọmọ. Ẹ̀dọ̀fóró kò mọ ìwé àyẹ̀wò.